Ojú Ìyàwó Atukọ̀

Tí èèyàn bá ti ń lọ aṣọ láti ìgbà èwe rẹ̀, bó bá dàgbà tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa bá a sọ̀rọ̀. Ti Alágbàfọ̀ kì í sì í sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Bó bá ti ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ni orúnkún ọ̀tún á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Kó tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ti òsì á ti dá sí ọ̀rọ̀ náà. Níléeṣẹ́ ìfọṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́, kò sí àga fún ẹni tó bá wà nídìí ẹ̀rọ ìlọṣọ. Ọ̀gá wọn ní ẹni tó bá jókòó á tòògbé, ẹni tó bá tòògbé á jó aṣọ oníbàárà. Ọ̀rọ̀ gidi ni, àmọ́ orí ìjókòó ni ọ̀gá wà tó ti ń sọ ọ́.

Obìnrin náà kì í ṣe aláròyé. "Iṣẹ́ kì í pa ni, ìṣẹ́ ní ń pa ni," ló máa ń wí fún àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, á sì fa ìdérí ẹ̀rọ náà wálẹ̀, ooru á bò ó lójú. Ohun tó ń rẹ̀ ẹ́ gan-an kò sí níléeṣẹ́. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, nínú páálí pẹlẹbẹ kan tó fi aṣọ funfun wé: àwọn ojú ewé tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ yà, tó ti ń wá kiri láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú.

Bàbá náà, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ayàwòrán ìwé kọ́míìkì ni. Òun ló yà Atukọ̀, ọkùnrin tó máa ń fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn tí ẹlòmíì ò gbọdọ̀ kó kọjá odò. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Bàbá á fi pẹ́ńsù yà á sórí pépà líle tó fẹ̀ bí àtẹ, á fi yíǹkì tẹ̀ lé ojú pẹ́ńsù náà, á gbé e lọ sílé ìtẹ̀wé. Wọ́n á yà á ní fọ́tò, wọ́n á sọ ọ́ di kékeré, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ yanturu. Lẹ́yìn ìyẹn, ojúlówó tí ọwọ́ yà ò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń gé búrẹ́dì lórí ẹ̀, wọ́n ń gé e sínú bàtà tó bá ti lu, wọ́n ń kó o relé fún àwọn ọmọ wọn. Nígbà tí iléeṣẹ́ náà kógbá sílé, ẹni tó bá wà nítòsí ló kó èyí tọ́wọ́ rẹ̀ bá.

Ta ló mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń tẹ́ sínú bàtà á di ohun tí àgbàlagbà á máa lé kiri? Àwọn ọmọ tó ka ìwé náà dàgbà, wọ́n rọ́wọ́ mú, ọkàn wọn wá ń fà sí ohun tí ọwọ́ ayàwòrán fúnra rẹ̀ kàn. Wọn ò fẹ́ èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀. Èyí tí pẹ́ńsù ṣì hàn lábẹ́ yíǹkì ni wọ́n ń fẹ́, tí wọ́n ti lè rí ibi tí ọkùnrin náà ti ṣìṣe, tó fi ọ̀dà funfun bò ó. Wọ́n ń gbé àṣìṣe olóògbé kọ́ ara ògiri. Alágbàfọ̀ á wò wọ́n, á ní oníkálukú ló ní wèrè tirẹ̀.

Wèrè tirẹ̀ kì í ṣe ti ìwé. Ìyá rẹ̀ ló ń wá.

Ìyá wọn kú nígbà tí Alágbàfọ̀ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà, tí wọ́n ṣì ń pọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ìwọ̀nba fọ́tò tí obìnrin náà ní wà nínú àpótí kan. Lọ́dún kan, òrùlé jò, kí wọ́n tó mọ̀, omi ti so àwọn fọ́tò náà pọ̀ di ẹyọ kan, wọn ò ṣeé ṣí mọ́. Àwọn ẹbí ìyá ti bá bàbá jà lọ́jọ́ ìsìnkú, wọn ò sì tún yọjú. Bí ọmọbìnrin náà ṣe dàgbà nìyẹn: ó rántí ọwọ́ kan tó ń bá a nu imú, ó rántí ohùn kan tó máa ń bú u tó bá da omi sílẹ̀, àmọ́ kò rántí ojú.

Lọ́jọ́ kan, ó bi bàbá rẹ̀ pé, "Bàbá, báwo ni màmá mi ṣe rí?"

Bàbá gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Mo ti yà á," ó ní. "Ìyàwó Atukọ̀ tó dúró létí odò, tó gbé àtùpà lọ́wọ́, òun nìyẹn."

Ọmọ sáré mú ìwé wá, ó ṣí i. Ìyàwó Atukọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ojú rẹ̀ dà bí ojú àwọn obìnrin ara páálí ọṣẹ: ó rẹwà, kò sì jọ ẹnì kankan.

"Ṣé bó ṣe rí nìyí?"

"Rárá. Wọ́n ní èyí tí mo yà bani nínú jẹ́ jù. Wọ́n lẹ ojú ẹlòmíì bò ó nílé ìtẹ̀wé. Tiẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀."

Ó mú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ padà. Kò tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé, ẹnikẹ́ni ò sì tún bi í.

Irú àlẹ̀mọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun nídìí iṣẹ́ wọn. Bí apá kan ò bá tẹ́ ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé lọ́rùn, kò ní sọ pé kí wọ́n tún odindi ojú ewé yà. Wọ́n á tún ibi tó kù díẹ̀ káàtó yà sórí pépà kékeré, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀, o ò lè mọ̀ láéláé. Lára ojúlówó, wàá fi ìka kàn án, wàá mọ̀. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi mọ̀, láti kékeré, pé bí ojú ìyá òun bá ṣì wà níbì kan láyé yìí, ara pépà kan ṣoṣo ló wà.

Lọ́dún tí bàbá kú ló rí àkọ́kọ́ nínú àwọn ojú ewé ìwé náà, lára ògiri ṣọ́ọ̀bù agẹrun kan. Ó wọlé bí ẹni fẹ́ béèrè ọ̀nà, kò sì jáde títí agẹrun fi ní kó máa gbé e lọ, kó ṣáà jẹ́ kí òun ráyè gẹ irun. Láti ìgbà yẹn, bí wọ́n bá fún un nísinmi lẹ́nu iṣẹ́, ìrìn ló fi ń rìn. Ó bẹ opó, ó bẹ ọmọ olóògbé, ó bá àwọn tó ń palẹ̀ ilé mọ́ tú àjà. Gbogbo ojú ewé ìwé yẹn pátá ló rí, àfi ti etí odò.

Kò lè sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn àwọn yòókù. Nígbà mìíràn tí oorun bá kọ̀, á kó wọn jáde, á tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì, á máa wo bí bàbá ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì fa omi odò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìgbọ́wọ́ sókè. Ní etí ọ̀kan nínú wọn, àtàǹpàkò bàbá wà níbẹ̀ nínú yíǹkì, gbogbo ìlà rẹ̀ pé. Alágbàfọ̀ máa ń gbé àtàǹpàkò tirẹ̀ lé e, kì í sì í sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àbúrò rẹ̀ ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Fíríìjì ló ń tún ṣe, Oníyìnyín sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. "Ẹ̀gbọ́n mi," á ní, "ẹni tó bá ń wá ìwákúwàá, ìríkúrìí ló máa rí o." Á jẹ oúnjẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tán, á nu ẹnu, á tún un sọ.

Àwọn tó ń kó ojúlówó jọ máa ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé, ní yàrá òkè ṣọ́ọ̀bù oníkẹ̀kẹ́ kan. Yàrá náà ń rùn fún gíríìsì àti táyà tuntun. Wọ́n á fọ ọwọ́, wọ́n á nù ún gbẹ, wọ́n á tẹ́ àwọn ojú ewé wọn sórí tábìlì gígùn, wọ́n á máa rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Owó kì í sábà wọ àárín wọn. Pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n sì ní òfin kan tí wọn kì í ré kọjá. Bí méjì nínú wọn bá ṣe pàṣípààrọ̀, ẹni tó bá kábàámọ̀ lè dá tirẹ̀ padà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, kó gba ohun tó fi sílẹ̀, ẹnì kankan ò ní bi í léèrè ìdí. Àmọ́ bó bá ti yí ohunkóhun padà lára ohun tó gbà, ì báà ṣe pé ó kàn pa eruku pẹ́ńsù kan rẹ́, ó ti di tirẹ̀ nìyẹn. Òfin yìí ti dá ìjà púpọ̀ dúró láàárín àwọn àgbàlagbà tó yẹ kí wọ́n ti gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé tí à ń wí yìí, Dókítà Eléyín ló kẹ́yìn dé. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ eyín títọ́jú, àmọ́ ó ṣì máa ń wo èèyàn lẹ́nu kó tó wò ó lójú. Ó yọ ojú ewé kan nínú náílọ́ọ̀nù, ó tẹ́ ẹ síwájú Alágbàfọ̀.

Odò ló kọ́kọ́ rí. Ó rí àtùpà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti ń ro ó látàárọ̀ dákẹ́.

"Níbo lẹ ti rí i?"

"Ó wà lọ́wọ́ ìyàwó ọkùnrin kan tó máa ń gbálẹ̀ nílé ìtẹ̀wé kó tó kú," Dókítà ní. "Mo bá a yọ eyín kan nígbà kan, kò sì dùn ún. Irú oore bẹ́ẹ̀, èèyàn kì í gbàgbé."

"Kí lẹ fẹ́ gbà?"

"Tiyín."

"Èwo nínú ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, àǹtí. Ẹ má bínú." Ojú ń tì í díẹ̀, àmọ́ kò yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Atukọ̀ ò sí nínú èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Ìyàwó ẹ̀ nìkan ló dúró síbẹ̀. Tiyín ló kún fún Atukọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Atukọ̀ ni mo fẹ́ dà. Eyín ni mo wá ń yọ. Ẹ jẹ́ kí n kó o sílé, kí n máa wò ó kí n tó kú."

"Ẹ gba ìdajì."

"Ìdajì Atukọ̀ kọ́ ni mo kà."

Alágbàfọ̀ na ọwọ́, ó fi ìka kan ojú ìyàwó Atukọ̀. Àlẹ̀mọ́ wà níbẹ̀, bí bàbá ṣe wí.

Níbẹ̀ ló yẹ kó ti mọ̀. Àwọn ará ilé ìtẹ̀wé, àlùmọ́gàjí ni wọ́n fi ń gé àlẹ̀mọ́ tiwọn. Gọ́ọ̀mù inú ike ni wọ́n ń lò, bó bá sì ti pẹ́, á pọ́n bíi tíì. Etí àlẹ̀mọ́ yìí dagun. Abẹ ni wọ́n fi gé e, kí òjìji rẹ̀ má bàa hàn nínú fọ́tò. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ sì funfun, irú èyí tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun àti omi gbígbóná pò. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, nínú agolo mílíìkì, lórí sítóòfù ilé wọn. Ojú Alágbàfọ̀ rí gbogbo rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ní kí ojú dákẹ́. Bó bá ti rẹ èèyàn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìrìn àjò, kì í fẹ́ gbọ́ pé òun ti ṣi ọ̀nà.

Ó gbé páálí rẹ̀ lélẹ̀, ó tú aṣọ funfun kúrò lára rẹ̀. Ó wo èyí tí àtàǹpàkò bàbá wà lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ó ti gbogbo rẹ̀ sọ́dọ̀ Dókítà Eléyín, àtaṣọ, àti páálí.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sọ́ńdè. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Oníyìnyín wọlé, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ilé ìdáná, kẹ́tùlù wà lórí iná, ojú ewé náà wà lórí tábìlì lórí táwẹ̀lì mímọ́.

"Òun nìyí?"

"Òun ni."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Mo ti kó wọn fún un."

"Gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ bàbá?" Ó jókòó wọ̀ọ̀. Òun náà ló ti ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà láti ọjọ́ yìí, àmọ́ ojú rẹ̀ wá dà bí ti ẹni tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ ò tiẹ̀ pè mí."

"Tí mo bá pè ọ́, kí lo máa sọ?"

Ó fa àga sún mọ́ tábìlì. "Ẹ yáa ṣe é, kí n rí i. Àbí ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ ní ìyá ni?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, kò sọ irú rẹ̀ rí. Alágbàfọ̀ wò ó, àgbàlagbà tó ti ní ikùn, ó rí i pé ẹni tó ń fini ṣe yẹ̀yẹ́ lè máa retí pé kí ọwọ́ ẹni tẹ nǹkan náà. Òun ní ọwọ́ kan àti ohùn kan tó rántí. Àbúrò òun ò ní nǹkan kan rárá.

Ẹni tó ti ń bá ooru omi ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe mọ ìwọ̀n tó yẹ pépà. Ó gbé ojú ewé náà síbi tí ooru kẹ́tùlù ti ń rú, ó gbé e kúrò, ó fọwọ́ kàn án, ó tún gbé e síbẹ̀. Gọ́ọ̀mù ìyẹ̀fun kì í ṣe agídí. Nígbà tí etí àlẹ̀mọ́ náà gbéra, ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tín-ín-rín kan rìn lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, obìnrin ara páálí ọṣẹ náà sì ṣí kúrò lódindi. Ó tẹ́ ẹ sínú àwo. Àwọn méjèèjì tẹ̀ síwájú láti wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Kò sí ojú níbẹ̀.

Ọrùn wà, aṣọ ìwérí wà, ọwọ́ tó gbé àtùpà wà, gbogbo rẹ̀ pé pérépéré, yíǹkì rẹ̀ dúdú minijọ. Níbi tó yẹ kí ojú wà, pépà náà ti họ, ó ti hu irun bíi táwẹ̀lì tó gbó. Ó rí eérú pẹ́ńsù níbẹ̀, kò sì lọ́rí, kò nídìí.

"Wọ́n ti pa á rẹ́?" Oníyìnyín bi í.

Alágbàfọ̀ ń wo etí àlẹ̀mọ́ inú àwo, tó dagun, tó funfun, ohun tó ti rí lánàá tó sì kọ̀ láti rí.

"Kì í ṣe àwọn ará ilé ìtẹ̀wé," ó ní. "Írésà ló ṣe èyí. Ó yà á, ó pa á rẹ́, ó tún un yà, ó pa á rẹ́, títí pépà ò fi lè gba yíǹkì mọ́. Tí o bá fi yíǹkì kan pépà tó ti họ báyìí, á tàn káàkiri. Ló bá gé òmíì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Bàbá ló lẹ̀ ẹ́. Ojú páálí ọṣẹ yẹn gan-an, òun ló yà á."

"Ó ní wọ́n—"

"Mo mọ ohun tó ní. Èmi ló sọ ọ́ fún. Ó purọ́ fún mi."

Inú bí i. Inú bí i sí bàbá tó gbé irọ́ fọ́mọ kékeré láìronú pé ọmọ náà lè gbé e títí dọjọ́ ogbó. Inú bí i sí gbogbo àtẹ̀gùn tó gùn, sí gbogbo ìsinmi tó fi jókòó sórí àga àjèjì tó ń bẹ èèyàn. Inú bí i sí ara rẹ̀ jù, nítorí kò sẹ́ni tó mọ àlẹ̀mọ́ bàbá bíi tirẹ̀. Ó fẹ́ sunkún, ó rẹ̀ ẹ́ jù láti sunkún.

Àbúrò rẹ̀ ti ń wo fèrèsé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ ò tíì ṣú."

"Kí ni ká wá ṣe?"

"Ṣé òfin yín ni pé tí ilẹ̀ ò bá tíì ṣú, ẹ lè dá a padà? Ẹ lẹ àlẹ̀mọ́ yìí padà. Ọkọ̀ mi wà nísàlẹ̀. Ká gbé e fún un, ká gba tiwa."

"Tí a bá ti yí i padà, kò ṣeé dá padà mọ́."

"Ta ló máa mọ̀? Ṣé ọ̀gbẹ́ni eléyín ni? Ẹ̀yin tí ẹ lè fi gọ́ọ̀mù bàbá lẹ̀ ẹ́ bí bàbá ṣe lẹ̀ ẹ́? Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ojú òfo lẹ fi gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ gbà."

Òótọ́ ni. Bí wọ́n bá gé e lọ́rùn, kò lè sọ pé irọ́ ni. Ó dìde, ó bu ìyẹ̀fun sínú ife, ó da omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń pò ó, ó ń wo bó ṣe ń ki. Ó ti ń ro bí páálí náà ṣe máa padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bó ṣe máa tẹ́ wọn síta lọ́jọ́ tí oorun bá kọ̀. Èèyàn lè fi ìyẹn parí ayé rẹ̀, kò burú.

Ó mú ojú ewé náà láti tẹ́ ẹ dáadáa. Fèrèsé wà lẹ́yìn rẹ̀, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì gba ibi tó ti fẹ́lẹ́ náà kọjá. Ìgbà náà ló rí wọn. Ìlà imú lórí ìlà imú. Ìpéǹpéjú lórí ìpéǹpéjú, òmíràn sókè díẹ̀, òmíràn sísàlẹ̀ díẹ̀. Àgbọ̀n tó gùn, tó tún wá kúrú, tó tún gùn padà. Írésà ti kó dúdú wọn lọ, àmọ́ pẹ́ńsù ti tẹ ojú ìlà jinlẹ̀ sára pépà, ibi tó tẹ̀ náà ò parẹ́. Wọ́n pọ̀ ju ohun tí ojú lè yà sọ́tọ̀ lọ. Bàbá tó ń fa odindi odò lẹ́ẹ̀kan láìgbọ́wọ́ sókè ló ṣe èyí.

Ó dúró pẹ̀lú ojú ewé náà lọ́wọ́ títí gọ́ọ̀mù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dì nínú ife.

"Ó ti gbàgbé bó ṣe rí ni," Oníyìnyín sọ. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Bàbá náà ti gbàgbé. Ojú ló tì í láti sọ fún yín."

"Rárá." Alágbàfọ̀ jókòó. "Ẹni tó bá ti gbàgbé, èyíkéyìí ló máa yà, á sì kọjá síwájú. Ẹni tó bá rántí nìkan ló lè máa wo ohun tó yà, kó máa sọ pé kì í ṣe òun nìyí, kó máa pa á rẹ́. Wá wò ó."

Ó fi ojú ewé náà sójú ìmọ́lẹ̀ fún un. Àbúrò rẹ̀ tẹ orí, ó wò ó pẹ́. Ó ní òun rí imú. Lẹ́yìn náà, ó ní imú náà pọ̀. Lẹ́yìn náà, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì ní ooru kẹ́tùlù ni.

Fóònù dún. Dókítà Eléyín ni.

"Àǹtí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, mo ní kí n béèrè. Mi ò fẹ́ kó dìjà lọ́jọ́ mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ kí n kó wọn padà wá, mi ò ní bínú."

Alágbàfọ̀ wo ife gọ́ọ̀mù náà, ó wo àlẹ̀mọ́ inú àwo. Gbólóhùn kan péré ni, Dókítà á máa kó wọn bọ̀. Páálí náà á dé ẹnu ilẹ̀kùn kó tó parí fífọ abọ́.

"Ẹ má wulẹ̀ kó wọn padà, Dókítà," ó ní. "Mo ti ṣí àlẹ̀mọ́ ara ẹ̀. Ó ti di tèmi."

"Àlẹ̀mọ́ kẹ̀? Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kí lẹ bá lábẹ́ ẹ̀?"

"Ìyá mi," ó ní.

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Oníyìnyín ti fa ojú ewé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó gbé ìka kan lé ibi tó fẹ́lẹ́ náà, kò sì gbé e kúrò.